Orúkọ Alhaja Ganiyat Lójú Fóònù Aráyé

Kò sí ẹranko tí mo kórìíra tó Ẹ̀fúùfù Nẹ́ẹ̀tì, ilé-iṣẹ́ tó ń ta íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹranko. Ẹranko a máa tijú.

Ọ̀rọ̀ Wàsílátù, ìyá Hamdalah, ni mo fẹ́ sọ. Ọjà Ìkọ̀tún ló ti ń ta kọ́tìnnì, aṣọ ojú fèrèsé, ilé rẹ̀ sì kọjú sí tèmi ní Ẹ̀gán. Bí ẹ bá rí ibi tí mo ti fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, ẹ jẹ́ kó kọjá lọ bẹ́ẹ̀. Àwọn aláìsàn ni wọ́n ń gbé ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ fún. Ṣùgbọ́n ẹran inú ọbẹ̀ náà, ẹran gidi ni.

Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìyá Wàsílátù, Ganiyat, ti pọ̀n ọ́n wá sí Èkó, nígbà tí Ẹ̀gán ṣì jẹ́ igbó tí àwọn ọ̀bọ ti ń ṣe ìpàdé. Omi ni Ganiyat ń pọn fún àwọn bíríkìlà. Ilé mi tí mo wà nínú rẹ̀ yìí, orí obìnrin yẹn ni omi tí wọ́n fi po sìmẹ́ńtì rẹ̀ gbà wá. Lọ́jọ́ kan ó ru garawa mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan lórí èkejì, ó sì ń jó bọ̀. Ó dára, garawa méjì ni. Kò sì jó.

Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé tí omi wọ́n, Ganiyat a máa ti ojúlé dé ojúlé, a máa bẹ àwọn tó ní kànga. Àwọn kan a fún un. Àwọn kan a ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú. Ìyá kan wà nígbà náà tó máa ń sọ pé kànga òun ti gbẹ, bẹ́ẹ̀ ni a ń gbọ́ ìró okùn àti garawa lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Ganiyat wá búra pé bí Ọlọ́run bá fi lè fún òun nílé, ẹnikẹ́ni kò ní dúró lẹ́nu ọ̀nà òun kó tọrọ omi, kó sì lọ lọ́wọ́ òfo.

Wàsílátù ọmọ rẹ̀ ló kọ́ ilé náà, owó kọ́tìnnì ló sì fi kọ́ ọ. Ganiyat gbé inú rẹ̀, ó lọ sí Mẹ́kà, ó dé, ó di Alhaja, ó sì jáde láyé. Lẹ́yìn tí wọ́n sin ín tán, Wàsílátù gbẹ́ kànga oníẹ̀rọ, ó na páípù gba inú ògiri ìta, ó fi ẹnu ẹ̀rọ síbẹ̀ fún gbogbo ará àdúgbò, ó sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sára ògiri pé: Sàráà Alhaja Ganiyat, ẹ pọnmi, ẹ ṣe àdúrà fún un. Bí àwa Mùsùlùmí ibí ṣe ń ṣe fún òkú wa nìyẹn. Níwọ̀n ìgbà tí aráyé bá ṣì ń jẹ àǹfààní sàráà náà, èrè rẹ̀ ń bá ẹni tó lọ dé sàréè.

Ṣùgbọ́n ọdún ń gorí ọdún, gbogbo onílé gbẹ́ kànga tiwọn. Ẹnikẹ́ni kò wá pọnmi mọ́. Ewúrẹ́ nìkan ló kù tó ń wá lá ẹnu ẹ̀rọ náà, ewúrẹ́ kò sì mọ àdúrà í ṣe. Ọ̀rọ̀ náà ń jẹ Wàsílátù lọ́kàn. Ó ní ó dà bí ìgbà tí òun fi ebi pa ìyá òun. Ó tọ Álífà Nùrẹ́nì lọ ní mọ́sáláṣí, ìyẹn sì ní kó wo ohun tí òùngbẹ rẹ̀ ń gbẹ àwọn èèyàn lóde òní.

Kò pẹ́ tó fi rí i. Ẹ ṣáà wo àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí. Wọ́n á na fóònù sókè bí ẹni tó ń fi abọ́ gbe òjò. Ẹni tí dátà rẹ̀ bá tán á máa bẹ ẹnìkejì rẹ̀ pé kó ta díẹ̀ sí òun látinú tirẹ̀, ìyẹn á sì purọ́ pé tòun náà ti tán, bẹ́ẹ̀ ni fídíò ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Wàsílátù ní àfi bí ẹni pé òun ń wo ìyá òun lẹ́nu ọ̀nà onílé.

Àsìkò yẹn gan-an ni Ẹ̀fúùfù Nẹ́ẹ̀tì ṣí ọ́físì sí Ẹgbẹ́dá. Mánijà wọn, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Ọlátúnbọ̀sún, ló fúnra rẹ̀ ń gbé mọ́tò kiri Ìgàndó, Ẹ̀gán àti Àkẹ̀sán pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Bàtà rẹ̀ ń dán débi pé àkùkọ mi rí ara rẹ̀ nínú rẹ̀, ó sì gbéjà kò ó. Ọ́nlímítẹ́ẹ̀dì ló ń ké kiri. Íńtánẹ́ẹ̀tì tí kò lópin. Ó ní kéèyàn san owó oṣù kó máa lò ó títí ọwọ́ á fi rọ ọ́.

Wàsílátù pè é wọlé. Èmi náà bá wọn jókòó, nítorí ọjà ńlá kò dára kó jẹ́ ẹnu ẹni méjì péré ló wà níbẹ̀. Wàsílátù kò fi ohunkóhun pamọ́ fún un. Ó sọ pé sàráà ni òun fẹ́ fi ṣe, pé gbogbo àdúgbò ni yóò máa lò ó, ti onílé, ti ayálégbé, ti ẹni tó ń kọjá lọ.

“Ṣé kò ní tán?” ló bi í.

“Màmá, òkun kì í tán,” Ọlátúnbọ̀sún dá a lóhùn. “Ẹ fún gbogbo Alímọ̀ṣọ́. Mo fi ìyá tó bí mi búra, Susanna, tó wà ní Dọ́pẹmu bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí.”

Etí mi méjèèjì ni mo fi gbọ́ ọ, èyí tó ń gbọ́ràn àti èyí tí kò gbọ́.

Wọ́n gun òrùlé, wọ́n de àwo funfun kan mọ́ ọ̀pá, wọ́n sì gbé àpótí kékeré kan oníwo méjì sí pálọ̀. Hamdalah, ọmọ Wàsílátù, tó wá kí ìyá rẹ̀ láti ilé ọkọ, ló bá a tò ó. Àpótí náà béèrè orúkọ tí yóò máa jẹ́ lójú fóònù àwọn èèyàn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ohun tí mi ò rò pé ẹlòmíràn lè ṣe láyé yìí àfi àwa. Bí wọ́n ṣe kọ orúkọ olóògbé sára ògiri omi, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí íńtánẹ́ẹ̀tì: ALHAJA GANIYAT. Wọn kò fi páswọ́ọ̀dù sí i. Ẹni tó bá tan fóònù láti ṣọ́ọ̀bù Charity onídìrí títí dé iwájú mọ́sáláṣí, orúkọ yẹn ló máa rí.

Ẹ̀yin èèyàn mi, nǹkan ọ̀hún yára. Bí mo bá ṣí wàásù, oníwàásù á ti máa ṣe àmín kí n tó jókòó. Mo pe ọmọ mi tó wà ní Kánádà, mo rí òjò dídì lẹ́yìn rẹ̀, òtútù sì mú mi títí mo fi lọ mú aṣọ ìbora. Àwọn tó fẹ́ ṣe ìdánwò yunifásítì jókòó sórí búlọ́ọ̀kù lábẹ́ ògiri, wọ́n ń kàwé lórí fóònù. Télọ̀ ń wo àrà tuntun. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà ní Líbíyà rí ojú ọmọ náà. Ẹni tó bá jẹ àǹfààní rẹ̀ á gbójú sókè, á ní kí Ọlọ́run kẹ́ Alhaja Ganiyat. Wàsílátù á wà lẹ́yìn fèrèsé, á máa gbọ́ ọ, á máa nu ojú.

Ìgbà tó yá ni wọ́n fún un lọ́rùn.

Wọn kò gé e o. Bó bá jẹ́ pé wọ́n gé e ni, à bá mọ̀ pé ó kú. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fún un lọ́rùn, bí ẹni fi gìgísẹ̀ tẹ rọ́bà tí omi ń gbà. Oṣù á bẹ̀rẹ̀, gbogbo nǹkan á máa sáré. Kó tó dé ìdajì, ohun tó ń yí bírí lójú fóònù kò ní dúró mọ́. Mo rí ìgbín kan tó gbéra lẹ́yìnkùlé mi, ó lọ sí Ìyànà Ìpájà, ó ra nǹkan tó fẹ́ rà, ó padà dé, àwòrán tí mò ń dúró dè kò tíì dé irun orí.

Ìyẹn nìkan ì bá sì ṣeé fara dà. Orúkọ ni wàhálà. Àwọn ayálégbé tuntun ti kún àdúgbò wa. Wọn kò mọ Ganiyat, wọn kò mọ nǹkan kan nípa sàráà. Wọ́n rò pé orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ni íńtánẹ́ẹ̀tì náà ni Alhaja Ganiyat. Bẹ́ẹ̀ ni èébú bẹ̀rẹ̀. Ganiyat ti dákú. Ganiyat kò ní láárí. Ganiyat ń wọ́ ẹsẹ̀ bí ẹni tí wọ́n nà. Ẹnì kan jókòó sórí búlọ́ọ̀kù abẹ́ ògiri, ó sì ń sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ọ̀lẹ ni Ganiyat, olè sì ni, pé iná ló yẹ kí wọ́n dá sun ún. Òkú Mùsùlùmí ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ sí o, lẹ́yìn ògiri ilé ọmọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Charity ń wo bí wọ́n ṣe ń di irun kan lórí fóònù, oníbàárà sì wà níwájú rẹ̀ pẹ̀lú orí ààbọ̀. Fídíò náà dúró. Charity ju fóònù sórí àga.

“Ganiyat yìí tún ti gbé wèrè rẹ̀ dé,” ló wí. “Ìran ẹ̀ ò ní dáa.”

Wàsílátù ń ti ọjà bọ̀ pẹ̀lú ìdì kọ́tìnnì lórí. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà.

“Charity, ìyá mi lò ń bú.”

“Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Hamdalah, nẹ́tíwọ̀kì ni mò ń bú jàre.”

“Ìyá mi ni. Ó ti kú. Èmi sì ni ìran ẹ̀.”

Charity kúnlẹ̀ sórí irun tó wà nílẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀, omi sì lé ròrò sí i lójú. Ṣùgbọ́n ẹnu kan ló kúnlẹ̀ yẹn. Ẹnu yòókù ṣì wà níta, wọ́n ń bá iṣẹ́ lọ.

Wàsílátù pe nọ́ńbà tí ilé-iṣẹ́ náà fi sílẹ̀. Obìnrin inú fóònù ní ìpè wa ṣe pàtàkì sí àwọn, ó sì fi orin sí i. Orin náà pẹ́ débi pé irùngbọ̀n mi gùn sí i. Nígbà tó rí i pé kò sí èèyàn lẹ́yìn orin, ó ní kí n sin òun lọ sí Ẹgbẹ́dá, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé èmi ni ẹlẹ́rìí.

Ọ́físì wọn tutù bí ilé òkú. Wọ́n kọ Ọ́nlímítẹ́ẹ̀dì sára ògiri, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ga tó ọmọ ọdún mẹ́ta. Ọlátúnbọ̀sún jókòó sábẹ́ rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ wá rí, ó sì wá ṣe bí ẹni tó mọ̀ wá jù. Ó ní kọ̀ǹpútà ti fi hàn àwọn pé Màmá wà lára àwọn tó ń lò ó jù. Ó ní bí èèyàn bá lò ó kọjá ibì kan, ẹ̀rọ àwọn a máa dín eré rẹ̀ kù fúnra rẹ̀ kí àwọn oníbàárà yòókù lè rí nǹkan lò, pé ìlò tó mọ níwọ̀n ni wọ́n ń pè é, pé ó sì wà nínú àdéhùn tí wọ́n gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo ní kó ṣí i fún wa kí a rí i. Ó tẹ̀ ẹ́. Kò ṣí. Tiwọn náà ń yí bírí.

“Ibi tí èèyàn kò gbọdọ̀ kọjá yẹn,” Wàsílátù bi í, “kí ni wọ́n ń pè é?”

“Ààlà ni, Màmá.”

“Nínú ohun tí kò lópin?”

“Kò lópin o. Ṣé a já a ni? Eré rẹ̀ la kàn dín.”

Mo bi í pé bí mo bá ta ẹṣin fún un, tí mo wá so ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹṣin náà pọ̀, ṣé kò ní pe ọlọ́pàá mú mi. Ó rẹ́rìn-ín sí mi bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín sí arúgbó. Ọlọ́run mọ èpè tí mo ṣẹ́ lé e lórí nínú ikùn mi. Wàsílátù kò bá wa rẹ́rìn-ín. Ó rán an létí ìlérí rẹ̀, gbogbo Alímọ̀ṣọ́ tó ní kí òun fún. Ọlátúnbọ̀sún ní ọ̀rọ̀ ọjà ni ìyẹn, pé gbogbo àgbà ló mọ bí wọ́n ṣe ń polówó.

“Wọ́n ń bú ìyá mi,” Wàsílátù wí. “Òkú ni. Ẹ̀yin lẹ fún nǹkan náà lọ́rùn, òun ni wọ́n ń bú.”

“Ẹ̀yin lẹ kọ orúkọ ìyá yín sí i, Màmá. A ò rán yín níṣẹ́. Orúkọ tí aráyé bá rí lórí nǹkan náà ni wọ́n máa bú.”

Wàsílátù wò ó títí. Mo rò pé etí rẹ̀ ló fẹ́ gbá, mo sì ti ń yọ awò ojú mi kí n lè rí àyè bá a dá sí i. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó dìde, ó tún ìborùn rẹ̀ wé.

“O káre, ọmọ mi,” ló wí. “O là mí lóye.”

Bí a ṣe padà dé Ẹ̀gán, ó pe Hamdalah, ó ní kó wá bá òun pààrọ̀ orúkọ tó wà nínú àpótí. Mo ti mọ èyí tó yẹ kó fi síbẹ̀. Mo ní Susanna ni kó kọ. Ìyá fún ìyá. Mo ní ọmọ tó bá fi ìyá rẹ̀ búra lórí irọ́, òun ló gbé ìyá rẹ̀ síta fún òjò. Ọ̀rọ̀ mi dùn lọ́jọ́ náà, kí n má parọ́. Ó wọ Hamdalah lára. Ó ti ń tẹ orúkọ náà lọ, ó ti tẹ lẹ́tà méjì. Wàsílátù bá gbé àtẹ́lẹwọ́ bo fóònù.

“Pa á rẹ́. Ìyá tó wà ní Dọ́pẹmu yẹn kò ta nǹkan kan fún mi.”

Títí di òní, mo ṣì rò pé Susanna ì bá dára jù. Ṣùgbọ́n ìyá tèmi kọ́ ni wọ́n bú, ìyá Wàsílátù ni wọ́n bú, òun ló sì mọ bó ṣe ń ta á lára. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni MÁNIJÀ ỌLÁTÚNBỌ̀SÚN ẸGBẸ́DÁ.

Àṣé adùn wà nínú èébú bó bá bọ́ sórí ẹni tó ni ín. Ilẹ̀ mọ́, àdúgbò tan fóònù, wọ́n rí orúkọ tuntun, kò sì yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọlátúnbọ̀sún ti dákú. Ọlátúnbọ̀sún ọ̀lẹ. Ẹnì kan wà lórí búlọ́ọ̀kù tó ń kọ ọ́ lórin. Èmi fúnra mi a máa jáde sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fóònù mi tí mo ti pa, màá bú Ọlátúnbọ̀sún dáadáa, màá sì wọlé padà lọ jẹun. Oúnjẹ ń dà dáadáa nígbà náà.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó Ọlátúnbọ̀sún ń gbé ní Àkẹ̀sán, àwa kò sì mọ̀. Ó wá dirun lọ́dọ̀ Charity, ó sì gbọ́ tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń fẹnu kò pé Mánijà Ọlátúnbọ̀sún kì í pẹ́ tó fi ń rẹ̀ ẹ́, pé ó máa ń bẹ̀rẹ̀ dáadáa ni, kì í parí. Obìnrin náà kò dúró kí wọ́n di irun tán.

Bẹ́ẹ̀ ni Ọlátúnbọ̀sún tún wọ Ẹ̀gán. Kò mú ẹ̀rọ gbohùngbohùn wá. Bàtà rẹ̀ kò dán mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ méjì tẹ̀ lé e pẹ̀lú àkàbà. Kó tó kan géètì, ará àdúgbò ti yọ síta, kálukú mú fóònù lọ́wọ́. Ó bẹ Wàsílátù pé kó yọ orúkọ òun kúrò, pé lójú ẹsẹ̀ ni eré rẹ̀ yóò padà sí bó ṣe wà.

“Fún èmi nìkan, àbí fún gbogbo àwọn tí o ń wò yìí?”

“Fún yín, Màmá. Ẹ kàn fi páswọ́ọ̀dù sí i. Ilé yín nìkan ni kó mọ.”

Ó yé gbogbo wa. Orúkọ Ganiyat lè padà sórí nǹkan tó ń sáré, bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn mọ́ aráyé lójú. Wàsílátù ní kò sí sàráà kankan tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn mọ́. Inú bí Ọlátúnbọ̀sún wàyí. Ó ní bí orúkọ òun kò bá kúrò, àwọn yóò gé e pátápátá, àwọn yóò sì kó ohun èlò àwọn lọ. Ó sì nawọ́ sí àwọn tó wà lórí búlọ́ọ̀kù, ó ní Màmá ni wọn yóò bi.

Àwọn ọ̀dọ́ náà ń wò ó. Ìdánwò wọn kù sí dẹ̀dẹ̀. Àwọn kan ti ń mi orí sí Wàsílátù pé kó gbà, pé àbọ̀ sàn ju òfo lọ. Ìyá ọlọ́mọ Líbíyà mú un lápá.

Wàsílátù rọra yọ apá rẹ̀. “Gé e,” ló wí. “Ohun tó bá kú, a ó sin ín. Èyí tí kò kú tí kò sì yè yìí ni wọ́n fi ń bú ìyá mi.”

Wọ́n gun òrùlé, wọ́n tú àwo. Nígbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, mo di àkàbà mú fún wọn, mo sì gbàgbé láti dì í mú dáadáa, ṣùgbọ́n Ọlọ́run kò gbà fún mi, wọ́n balẹ̀ láìfarapa. Fóònù gbogbo àdúgbò ṣófo. Ẹ má rò pé wọ́n pàtẹ́wọ́ fún Wàsílátù o. Ọ̀pọ̀ ló bínú sí i. Ọmọ-ọmọ mi kan kò kí i fún ìgbà pípẹ́, ìyá ọlọ́mọ Líbíyà sì máa ń yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan bó bá ń kọjá. Ó gbà á bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ni kí wọ́n máa bínú sí, òun wà láyé, òun lè dáhùn. Ó ṣì ń wá sàráà mìíràn tí yóò ṣe. Álífà ti dábàá ohun tó pọ̀ fún un. Kò tíì rí èyí tó wọ̀ ọ́ lọ́kàn.

Ẹ̀ẹ̀kan báyìí, a jókòó níwájú ilé mi. Oníkẹ̀kẹ́ kan ti gba owó Ìgàndó lọ́wọ́ Charity, ó sì fẹ́ já a sílẹ̀ níwájú wa, níbi tí ọ̀nà ti bàjẹ́, ó ní òun kò lè lọ jù báyìí mọ́. Charity di irin kẹ̀kẹ́ mú. Ó ní bó bá jẹ́ Ìgàndó ló pè é, Ìgàndó ló máa gbé òun dé, kó má ṣe Ọlátúnbọ̀sún fún òun o. Oníkẹ̀kẹ́ náà, tí kì í ṣe ará àdúgbò wa, kò bi í pé ta ni Ọlátúnbọ̀sún. Ó wò ó, ó sì tan kẹ̀kẹ́, ó gbé e lọ.

Wàsílátù dá aṣọ kọ́tìnnì tó ń ká dúró.

“Bàbá, ẹ gbọ́ ohun tó wí?”

“Mo gbọ́.”

“Kò dárúkọ ìyá mi,” ló wí, ó sì ń ká aṣọ rẹ̀ lọ.